Èjìká Tí Kò Dun Ọ̀rẹ́ Mi

Ìdí ìrun àárọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbà pé nǹkan ti ṣe èjìká mi. Mo dúró lórí ẹní, mo gbé ọwọ́ méjèèjì kí n fi wọ inú ìrun. Ọwọ́ òsì dé ẹ̀gbẹ́ etí, ọ̀tún dúró lágbedeméjì. Ìrora kan gbéra láti orí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìgúnpá, bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn gún mi. Ìyàwó mi tó wà lẹ́yìn mi gbọ́ bí mo ṣe mí kanlẹ̀. Nígbà tí a kírun tán, ó bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, kí ló ń ṣe yín?" Mo ní kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mélòó kan tí mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn.

Alájà ni mí. Àjà funfun tí gbogbo ilé tuntun ń lò láti Lekki títí dé Ajah, èyí tí a ń pè ní píópì, òun ni iṣẹ́ mi. A máa ń po ìyẹ̀fun funfun náà mọ́ omi, a ó tẹ́ okùn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó má baà fọ́, a ó jẹ́ kó gan bíi pátákó. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e gun òkè, a ó fi wáyà so ó mọ́ igi òrùlé. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á gbé pátákó náà dúró sókè, ẹnì kejì á so ó. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń gbé. Èmi ni mo máa ń so.

Ìkìrun la ti wá, àwa méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà la ṣe fíríìdọ̀mù, ọkọ̀ kan náà ló gbé wa wá sí Èkó. Yàrá kan ṣoṣo la jọ gbà lọ́nà Badore, ní Ajah, nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Nígbà tí kálukú gbéyàwó la tó pínyà, síbẹ̀ igbe ni mo lè ké láti ilé mi kó gbọ́. "Pátínà" ni mo ń pè é. "Pátínà" lòun náà ń pè mí. Àwọn ọmọ mi rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ gùn débi pé nígbà mìíràn kì í lo àkàbà níbi tí èmi ti ń gun méjì. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá rí i tí ń bọ̀ nínú sùtánà rẹ̀, kò wọ bàtà, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀lé e. Á ní, "Pátínà, mo ti bá ẹ gbàdúrà o." Èmi náà á ní, "Mo bá ẹ gba tèmi ní Jímọ̀."

Ilé kan ní Lekki la ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ èjìká mi yọjú sí gbangba. Dókítà egungun ni obìnrin tó ni ilé náà. Ó wá wo iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú.

"Ẹ gbé apá yẹn sókè kí n rí i," ló wí.

Mo gbé e, ojú mi sì fún pọ̀.

"Kí lẹ ti lò sí i?"

"Òògùn ara ríro, mà. Ìyàwó mi tún fi òrí pa á."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ní ọsibítù tí òun ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbó Ẹfọ̀n, àwọn ń fi ẹ̀rọ òòfà ńlá tí wọ́n ń pè ní MRI yẹ èjìká àwọn tó ń gbé ọwọ́ sókè ṣiṣẹ́ wò: akunlé, káfíńtà, àwa alájà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, nítorí pé àwọn náà fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára wa. Mo sọ fún un pé wọ́n ti ya àwòrán egungun fún mi rí, tí wọn ò rí nǹkan kan.

"Wọn ò lè rí i," ó ní. "Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu kì í ṣe egungun. Iṣan kan wà níbí tó so ẹran èjìká mọ́ egungun apá, òun ló ń gbé apá sókè. Ẹ̀rọ yìí ń fi iṣan náà hàn. Kì í sì í ṣe àwòrán nìkan la ń yà, a ń wọ̀n ọ́n ni. A ń wọn omi tó ti wọnú iṣan, a ń wọn ọ̀rá tó ti wọnú ẹran." Ó na ìka sókè. "Ẹ wo àjà tí ẹ ń ṣe yìí. Bí òjò bá ń jò sí i látòkè, ẹ lè dúró nísàlẹ̀ kí ẹ má rí nǹkan kan. Ó dìgbà tí ẹ bá gun òkè, tí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó mọ bó ṣe rin tó. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nìyẹn, láìfi abẹ kan ara."

Ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè bú sẹ́rìn-ín. "Pátínà, ó ti jò mọ́ ẹ lára o! Lọ, kí wọ́n lọ yẹ̀ ọ́ wò."

Òun náà ló sìn mí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tó bá ń lọ sínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá lọ, pé bí òòfà náà bá gbé mi mì, ta ló máa lọ sọ fún Ìyá Ìbejì? A wọ ọkọ̀ kórópe láti Ajah, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí a fi dé.

Omidan tó ń darí ẹ̀rọ náà bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀. Ṣé irin wà lára mi? Ṣé èérún wáyà ti ta sí mi lójú rí? Kí n bọ́ aago, kí n yọ fóònù, kí n bọ́ bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ kan náà ni."

"Ṣé èjìká ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rí. Láti kékeré."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn ń wá irú wọn gan-an, àwọn tí ara wọn dá, tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí tàwa aláìsàn, kí wọ́n lè fi tàwa wé tiwọn.

Ọ̀rẹ́ mi na àyà síta. "Èmi nìyí. Ẹ fi mí ṣe òṣùwọ̀n."

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n de nǹkan kan bí ìkarahun ìjàpá mọ́ mi léjìká, wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré sí mi lọ́wọ́ pé kí n tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rù bá bà mí, wọ́n sì tì mí sínú ihò funfun náà. Ariwo rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń gbá gbà-gbà-gbà, á dákẹ́, á tún máa hó bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ títì. Mo di ojú, mo ń ka súrà tí mo mọ̀ lórí. Nígbà tí mo jáde, ariwo náà ṣì wà létí mi.

Ọ̀rẹ́ mi ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ti wọ aṣọ ọsibítù. Funfun ni, ó gùn dé orúnkún. Ó yí ara rẹ̀ po níwájú mi. "Wò ó, wọ́n ti fún mi ní sùtánà. Wọ́n tún ní kí n bọ́ bàtà. Ilé Olúwa mà nibí yìí." Omidan náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde padà, ó ní òun ti sùn, pé ariwo yẹn ò tó ti yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun ní Badore.

A jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí a tó wọkọ̀ padà. Bí mo bá ń rántí ọjọ́ wa tó dára, mo máa ń ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn.

Kò pẹ́ sí i ni dókítà pè mí pé kí àwa méjèèjì padà wá. Nígbà tí a dé, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Omidan náà ní àwọn fẹ́ tún tiẹ̀ ṣe. Kò bá wa ṣàwàdà mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi rò ó sí rere. Mo ní bóyá èjìká rẹ̀ dára débi pé wọ́n fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà pè wá wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Tèmi ló kọ́kọ́ fi hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń sọ ìwọ̀n. Iṣan mi ti wú, omi ti wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Ẹran tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára, ó pọ́n, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. "Ẹ ó sinmi," ó ní, "ẹ ó máa ṣe àwọn eré ìdárayá tí a ó kọ́ yín. Yóò san." Mo ní alihamudulilahi. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ṣé o rí i? Ariwo lásán lo ń pa."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwòrán kejì síta.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi, "ṣé ẹ ti ṣubú lu apá yìí rí?"

"Rárá, mà."

"Kì í rẹ̀ yín bí ẹ bá gbé e sókè pẹ́?"

"Ta ni iṣẹ́ kì í rẹ̀, Dókítà?"

Dókítà fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Iṣan tiyín ti já. Ó ti pẹ́ tó ti já. Orí rẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ẹran tó yẹ kó máa fà á kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó ti ń di ọ̀rá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣèèṣì pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yin méjèèjì ni, ìdí nìyẹn tí a fi tún un ṣe. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ti ju ẹran lọ."

"Ṣùgbọ́n kò dùn mí."

"Mo gbọ́. Òmíràn wà tí kì í dunni."

"Dókítà, mo ní kò dùn mí."

Ó dìde, ó wá síwájú rẹ̀. Ó ní kó na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má fi ara tì í, kó gbé e dúró. Ọ̀rẹ́ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà fi ìka méjì lé ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Apá náà lọ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ọ̀rẹ́ mi wí. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fún ẹnu pọ̀. Ìka méjì náà ló tún fi gbé apá rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ń wò kí n má baà wo ojú rẹ̀.

Èmi ni mo bèèrè bóyá wọ́n lè rán an. Dókítà ní ẹran tó bá ti di ọ̀rá tó báyìí kì í mú òwú, pé bí àwọn bá rán an, yóò tún já. Ó ní iṣẹ́ abẹ mìíràn wà tí wọ́n ń fi irin ṣe oríkèé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kọjá orí mọ́. "A ní láti yọ yín kúrò lára àwọn tí ara wọn dá," ó sọ fún un jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú."

A jáde. Òjò ti ń ṣú. Ọ̀rẹ́ mi dúró sẹ́nu géètì, ó na apá rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún nà án. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ wá: ó ń tẹ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí apá náà tó gòkè. Mo tún wá rántí pé ó ti pẹ́ tó ti ń fi orí gbé pátákó dúró. Á ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ̀fun á máa dà sí i lójú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ó ti di aláàárù. Kò sì mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló mọ̀, tó ń wá ọ̀nà mìíràn gbé iṣẹ́ gbà, láìsọ fún ẹni tó ni ín.

Nínú kórópe, ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Má sọ fún ìyàwó mi."

Mo ní mi ò ní sọ.

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí èmi fi jókòó sílé. Òun ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣíwọ́, ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi, mo sì ń rí i pé kò dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí kì í bìkítà ibi tó fọwọ́ sí, ó wá ń gbé apá náà bí ẹni gbé ẹyin. Bó bá fẹ́ gba ife omi, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ń ṣe eré ìdárayá tèmi, mo fi rọ́bà kọ́ ara ilẹ̀kùn, mo ń fà á; á jókòó, á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan ó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ mi, ó fà á títí òógùn fi bò ó. Ó dá a padà fún mi.

Wòlíì ìjọ wọn ní kó lọ fi omi òkun wẹ̀. Ó ní kí n sin òun lọ sí Eleko. Mo ní ṣé àwọn ará ìjọ rẹ̀ kò ní bínú pé ìmàle tẹ̀ lé e wá? Ó ní, "Àwa méjèèjì la jọ lọ síbi tí mo ti gbọ́ ọ. Sìn mí lọ síbi tí màá ti gbàgbé ẹ̀." A lọ. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tò sórí iyanrìn, àwọn apẹja ń tún àwọ̀n ṣe, wọn ò tilẹ̀ wò wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró níbi tí omi kò dé. Wòlíì àtàwọn ìyá méjì mú un wọ inú omi dé ìbàdí, wọ́n ń kọrin, ìgbì ń gbé sùtánà rẹ̀ sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn gbé ọwọ́. Mo rí i tó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, tó sì gbé e sókè bí ẹni gbé nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi náà gbàdúrà níbi tí mo wà. Mi ò tíì gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí lórí ara tèmi.

Nígbà tí èjìká mi fúyẹ́ díẹ̀, a tún jọ gba iṣẹ́, ilé alájà mẹ́ta kan lápá Ibeju, níbi tí ọ̀nà ti jìn tó jẹ́ pé ìdájí la ti ń jí. Mo ní kí n máa gbé, kóun máa so. Ó kọ̀. "Ṣé o fẹ́ ba tìrẹ náà jẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, tó ń fi orí gbé, tó ń fi ọwọ́ òsì gbé, tí mò ń yára so wáyà ju bí mo ṣe ń ṣe rí lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pátákó kan wà tó fẹ̀ ju ìyókù lọ, ti àárín pálọ̀. Mo ń so ọ̀kan lára àwọn wáyà nígbà tí mo rí i pé pátákó náà ń sọ̀ kalẹ̀. Kò já. Ń ṣe ló rọra ń bọ̀ wálẹ̀, bí oorun ṣe ń gbé ojú ọmọdé. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń wo apá rẹ̀, apá náà ń lọ sílẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Mo fi ẹ̀yìn gba pátákó náà, a gbé e sílẹ̀ láìfọ́. Kò sí ẹni tó farapa.

Ó jókòó sórí pèpéle igi tí a kàn láti dúró lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro nísàlẹ̀.

"Pátínà, ó ti tán."

"Jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná."

"Mo ní ó ti tán."

Kò gun pèpéle mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀. Ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án Sátidé. Ìyá Ìbejì gbé àga fún un, kò jókòó.

"Bàbá Ìbejì, kí lọkọ mi ṣe fún yín?"

"Ìyàwó wa, jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ara ọkọ mi dá ṣáká kí ẹ tó mú un lọ síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ wá sàn. Ẹ lọ kó àìsàn yín fún un."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ pé ó ti já tipẹ́tipẹ́, a jẹ́ pé mò ń sọ fún un pé òun tó ń sùn tì í lálaalẹ́ kò mọ̀. Èmi tí mò ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò kúkú mọ̀. Mo kàn ń sọ pé, "Ẹ má bínú." Ó yí padà, ó lọ. Ìyàwó mi jókòó sórí àga tó gbé fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Wọ́n bá ọ̀rẹ́ mi rí iṣẹ́ géètì ní ẹ́sítéètì kan ní Lekki. Mo máa ń yà kí i. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù tó kéré jù fún un lápá, ó ń fi ọwọ́ òsì ti géètì. Àwọn ilé tó wà nínú ẹ́sítéètì náà, àwa la ṣe àjà méjì lára wọn, àwọn tó ni ín kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣí géètì fún wọn ló gbé àjà tí wọ́n ń sùn sábẹ́ rẹ̀ dúró. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi, lọ́jọ́ kan tí a jókòó sábẹ́ igi, pé, "Pátínà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí." Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀, ó ń dun òun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá apá náà ló ń burú sí i ni, tàbí pé bó ṣe mọ̀ ọ́n ló jẹ́ kó máa dùn ún. Mo fi ọwọ́ lé e léjìká. Ó rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, kòtò kan ti wà níbi tó yẹ kí ẹran wà.

Kò pẹ́ tó fi ní òun ń lọ sílé, sí Ìkìrun. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ dúró sí Ajah nítorí ilé ìwé. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo fẹ́ bá a gbé àpò rẹ̀, kò gbà. Ó gbé e kọ́ èjìká òsì, ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí n máa tọ́jú ara. Ọkọ̀ kò tètè lọ. A wo ara wa títí mo fi ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́.

Dókítà tún pè mí láti wọn tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Mo wọ inú ihò funfun náà, mo jáde. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń fi hàn mí. "Ẹ wò ó bí omi yẹn ṣe gbẹ! Ẹ wo ojú iṣan náà!" Lóòótọ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè, "Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ìwọ̀n tiẹ̀ wà lára èyí tó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ì bá dára kó padà wá."

"Ó ti lọ sílé, mà. Ìkìrun."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ṣé ẹ rò pé ì bá sàn ká ní mi ò sọ fún un?"

Bóyá ì bá ṣì máa gbé àjà fún ọdún kan sí i, ọdún méjì, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Bóyá pátákó kan ì bá ti wó lé wa lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Nígbà Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé, mo lọ kí i. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti fọn. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó ní kí wọ́n gún iyán, ó bèèrè ará Badore lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé yàrá rẹ̀ kò ní àjà. Igi àti páànù lásán ni, eruku àti òwú aláǹtakùn. Mo ní, "Pátínà, jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá ká ṣe é." Ó mi orí. Ó ní páànù dára, pé òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ òjò.

Nígbà tó lọ pọn omi tí a ó fi fọwọ́, ìyá rẹ̀ sún mọ́ mi. Arúgbó ni, ó máa ń gbé oúnjẹ fún wa nígbà tí a wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ẹ jọ lọ ni. Kí lẹ fi apá ẹ̀ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, Ìyá."

Ó ń wo ẹnu mi bíi pé ọ̀rọ̀ kù tí mi ò tíì sọ. Ọ̀rẹ́ mi dé pẹ̀lú omi, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ó sìn mí dé títì. A sọ̀rọ̀ nípa bí òjò ọdún náà ṣe pẹ́, nípa ọmọ rẹ̀ àgbà tó fẹ́ wọ ilé ìwé gíga. Nígbà tí mo dé Ajah lọ́jọ́ kejì, mo pe fóònù rẹ̀ láti sọ pé mo ti délé láyọ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Ó ní ó ti sùn. Mo wo ìta. Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé kò sùn, mo sì ní kí ó má jí i.